Ìtọ́jú Apraxia Ọ̀rọ̀ Sísọ Lára Ọmọdé: Ọ̀nà Márùn-ún àti Ọmọ Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Bá Mu

Láàárín àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ kó tó yọ, ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí ìṣòro wọn kì í ṣe ti etí, tí kì í ṣe ti òye, tí kì í sì í ṣe ti àìlágbára ẹnu. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí a bá sọ, wọ́n mọ èsì tí wọ́n fẹ́ fún wa, wọ́n ń jẹ ẹran wọ́n sì ń gbé e mì láìsí wàhálà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ sọ “omi”, ó lè jáde bí “obi” lẹ́ẹ̀kan, kó di “ami” lẹ́ẹ̀kejì, kó sì já sí méjì bí “o... mi” lẹ́ẹ̀kẹta. Childhood apraxia of speech ni àwọn oníṣègùn ń pe àìlera yìí. Apraxia lásán ni a ó máa pè é níbí. Iye tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń dá lé e ni ọmọ kan tàbí méjì nínú 1,000.

Òbí tí wọ́n bá ti sọ fún pé apraxia ló ń ṣe ọmọ rẹ̀ kì í pẹ́ bá orúkọ ìtọ́jú pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì: DTTC, NDP3, ReST, PROMPT, àti pátákó àwòrán tàbí áàpù tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ló ní àwọn tó ń yìn ín, owó àti àkókò tí wọ́n ń gbà kò sì dọ́gba. Èrò tiwa ni pé iye ìgbà tí ọmọ ń sọ ọ̀rọ̀ lọ́nà tó tọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára ìtọ́jú lọ, àti pé bí àìlera náà ṣe le tó ló yẹ kó pinnu ọ̀nà, kì í ṣe òkìkí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Kí ènìyàn tó lè pe sílébù kan ṣoṣo, ọpọlọ ní láti ṣètò bí àgbọ̀n, ètè, ahọ́n, àfàsé (awọ rírọ̀ tó wà lẹ́yìn òkè ẹnu) àti tán-án-ná (ibi tí ohùn ti ń jáde nínú ọ̀fun) yóò ṣe rìn, èyí tí yóò kọ́kọ́ gbéra àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ètò yìí ni kò dúró ṣinṣin nínú apraxia. Ọmọ náà dà bí ẹni tó mọ orin dáadáa, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń lù ú.

Ìdílé kan ní London, tí àwọn olùwádìí ń pè ní ìdílé KE, ló la ojú ayé sí ìpìlẹ̀ àìlera yìí. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ìdílé náà, láàárín ìran mẹ́ta, ló ní i, èyí sì fi hàn pé ìbí ni wọ́n fi ń jogún rẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ láti Oxford àti London kéde pé àyípadà kan nínú jíìnì tí a ń pè ní FOXP2, lórí kírómósómù keje, ló fà á. Faraneh Vargha-Khadem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London yẹ ọpọlọ àwọn tó ní i wò, wọ́n sì rí i pé caudate nucleus, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ tó ń kópa nínú kíkọ́ ìṣípòpadà ara, kéré ju ti àwọn ẹbí wọn tí ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu wọn geere. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, agbègbè Broca, ní iwájú apá òsì ọpọlọ, kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe rò pé gbogbo apraxia ni ti FOXP2. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2020, tí wọ́n fi ọmọ 34 ṣe, ọmọ 11 ni wọ́n rí àyípadà jíìnì tó lè ṣàlàyé àìlera wọn, àwọn jíìnì náà sì yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé àwòrán ọpọlọ wọn tí ẹ̀rọ MRI yà kò fi àléébù kankan han dókítà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ máa ń kéré débi pé àfi kí a kó ọmọ púpọ̀ jọ kó tó hàn. Ní Toronto, àwọn olùwádìí tó wọn bí èèpo ọpọlọ ṣe nípọn tó rí i ní ọdún 2014 pé apá kan ní òsì, supramarginal gyrus, nípọn lára àwọn ọmọ tó ní apraxia ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, bí kò bá sí àmì mìíràn bíi gìrì tàbí àìlágbára ẹsẹ̀, ẹ má ṣe ná owó ìtọ́jú oṣù mélòó kan sórí MRI pẹ̀lú èrò pé òun ni yóò sọ ọ̀nà tí ẹ ó mú. Kò ní sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá apraxia ni

Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti etí gbígbọ́ ní Amẹ́ríkà, ASHA, la àmì mẹ́ta kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò: àṣìṣe tí kì í dúró sójú kan bí ọmọ bá tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ìsopọ̀ láti ìró kan sí òmíràn tó ń falẹ̀ tàbí tó ń já, àti ìró ohùn tí kò lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Lára ọmọ tó ń sọ Yorùbá, a rò pé àmì kẹta yìí kò ní ṣàì kan ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, nítorí iṣẹ́ tán-án-ná ni, ọpọlọ ló sì ń ṣètò rẹ̀. Onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ tó bá ń fi ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nìkan yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò yóò fi apá ńlá sílẹ̀ láìyẹ̀ wò.

Àìlera méjì ni àwọn òbí sábà máa ń pa pọ̀ mọ́ ọn. Èkíní ni dysarthria, tí iṣan ẹnu fúnra rẹ̀ kò lágbára tàbí kó le gbagidi: itọ́ máa ń dà, oúnjẹ máa ń há, àṣìṣe ọmọ náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ̀yà kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an nínú rẹ̀ ni Worster-Drought, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún ètè, ahọ́n àti ọ̀fun. Ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tí yóò bójú tó oúnjẹ gbígbé mì kí a tó máa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ.

Èkejì ni kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà kankan. Bí ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ń pàdánù rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ, tó ń ṣe bí adití nígbà tí etí rẹ̀ kò ní àìsàn, ó lè jẹ́ Landau-Kleffner, tí William Landau àti Frank Kleffner kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1957. Iná mànàmáná ọpọlọ ló ń dàrú níbi tí a fi ń gbọ́ èdè, pàápàá nígbà tí ọmọ bá ń sùn, wárápá sì lè bá a rìn tàbí kó má hàn síta rárá. Dókítà ọpọlọ àti àyẹ̀wò EEG, tó ń wọn iná mànàmáná ọpọlọ, tí wọ́n ṣe nínú oorun ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú ọ̀nà márùn-ún ìsàlẹ̀ yìí tó lè rọ́pò oògùn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n tí a fi wọ̀n wọ́n

Ohun tí a wò ni bí àìlera náà ṣe le tó àti ọjọ́ orí ọmọ. Iye ìgbà tí ìtọ́jú náà ń béèrè láàárín ọ̀sẹ̀. Owó tí irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ onímọ̀ ń gbà, nítorí orí òbí náà ló ń padà sí. Bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Àti bó ṣe rọrùn tó láti mú un wọ inú Yorùbá. Ìwọ̀n ìkẹyìn yìí ni ẹ kì í sábà rí nínú irú ìfiwéra báyìí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò bá lè bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò tíì rí ìtọ́jú tó pé gbà.

DTTC

Edythe Strand ló gbé DTTC kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí apraxia rẹ̀ le gan-an ló sì gbé e kalẹ̀ fún. Onímọ̀ àti ọmọ yóò kọjú síra wọn. Wọn yóò kọ́kọ́ jọ sọ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí fáwẹ́lì máa fà láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já. Bí ìyẹn bá ti dára, onímọ̀ yóò sọ ọ́, ọmọ yóò sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ọmọ yóò dúró díẹ̀ kó tó sọ ọ́. Níkẹyìn yóò sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èsì sí ìbéèrè. Bí ọmọ bá kọsẹ̀, onímọ̀ yóò padà sí ìtìlẹ́yìn tó ṣáájú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wá láti inú ìwádìí kéékèèké tí wọ́n fi ọmọ díẹ̀díẹ̀ ṣe. Nínú èyí tí Strand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta nínú wọn sì tẹ̀ síwájú gan-an. Ẹ kíyè sí iye ìgbà yẹn: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò lè mú irú èso bẹ́ẹ̀ jáde.

Ní ti owó, kò sí àpótí irinṣẹ́ kankan láti rà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn onímọ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti Yorùbá, kò sí èyí tó rọrùn tó o, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ nílò gan-an ni a ń fi ṣe é: “wá”, “mu”, “ó tó”, “mi ò fẹ́”, orúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a ó sọ ni pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tó ní “gb” tàbí “p” bẹ̀rẹ̀. Ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ní láti sé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìró méjèèjì yìí, ọpọlọ tí ètò rẹ̀ kò dúró kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “gbà” wà lára ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ.

NDP3

Ibùdó Nuffield fún etí àti ọ̀rọ̀ sísọ ní London ni ọ̀nà yìí ti wá. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè: ọmọ yóò kọ́kọ́ mọ ìró kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ní àwòrán tirẹ̀, yóò so kọ́ńsónáǹtì mọ́ fáwẹ́lì, yóò wá lọ sí ọ̀rọ̀ oní-sílébù méjì, títí dé gbólóhùn. Ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí méje ni wọ́n ṣe é fún ní pàtàkì, ó sì bá oríṣiríṣi ìwọ̀n líle mu, nítorí ibi tí agbára ọmọ bá dé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwọn káàdì rẹ̀ ṣeé lò nílé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́.

Owó ni wọ́n fi ń ra irinṣẹ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ sì wà fún. Síbẹ̀ ó yani lẹ́nu bí àkàbà rẹ̀ ṣe bá Yorùbá mu. Ìpele tí ó máa ń gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì parí rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì méjì lé ara wọn, kò sí nínú èdè wa. Onímọ̀ tó gbọ́ Yorùbá lè gbé àkàbà tirẹ̀ kalẹ̀: “a” àti “ó”, “lọ”, “wá”, “bọ̀”, “omi”, “ilé”, “ìyá”, “bàbá”, “dúdú”, “dìde”, lẹ́yìn náà “ó lọ sílé”. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà sórí páálí tó. Ohun tí yóò fi rọ́pò àwọn ìpele tó yọ kúrò ni ohùn: kí ọmọ lè sọ “igbá”, “ìgbà” àti “igba” láìpa wọ́n pọ̀, nígbà tí “gb” bá ti mọ́ ọn lẹ́nu.

ReST

Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti gbé ReST jáde. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan ni ọmọ máa ń sọ, oní-sílébù méjì tàbí mẹ́ta, kí ọpọlọ lè kọ́ ètò tuntun láìjẹ́ pé àṣà àtijọ́ fà á sẹ́yìn. Ọmọ kò gbà á àfi bí ìró rẹ̀ bá tọ́, tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò já, tí sílébù tó yẹ kó tẹ̀ sì tẹ̀. Nǹkan bí 100 ìgbà ló máa ń gbìyànjú nínú ìjókòó kan, onímọ̀ kì í sì í sọ fún un nígbà gbogbo bóyá ó gbà á, nítorí ìdájọ́ tí kò pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ohun tí ara kọ́ pẹ́ lára.

Nínú gbogbo wọn, òun àti NDP3 ni wọ́n ti fi kèké pín ọmọ sí ọ̀nà méjì kí wọ́n lè fi wọ́n wéra dáadáa. Ọmọ 26, láti ọdún mẹ́rin sí méjìlá, ló wà nínú ìwádìí náà tí ó jáde ní ọdún 2015. Wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú wọn. Ọ̀nà méjèèjì ṣiṣẹ́. NDP3 gba iwájú lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ni nígbà tí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ReST kọ́ dúró pẹ́ jù nígbà tí oṣù mẹ́rin kọjá. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń ṣe àtúnyẹ̀wò ẹ̀rí ìṣègùn, gbé gbogbo ẹ̀rí yẹ̀ wò ní ọdún 2018, ìwádìí kan ṣoṣo yìí ló yege.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún onímọ̀, ó sì ṣeé ṣe lórí fídíò, èyí tó jẹ́ ohun ńlá fún ìdílé tó jìnnà sí ìlú. Àbùkù rẹ̀ méjì ni. Ọmọ tí kò bá tíì lè fara wé sílébù kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èkejì, sílébù títẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e lé, Yorùbá kò sì ń lo ìyẹn. A rò pé ìlànà ohùn lè gba ipò rẹ̀, bí “màlúbò” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “málùbó”, ṣùgbọ́n àbá ni èyí, kì í ṣe ohun tí ìwádìí Sydney dán wò. Fún ọmọ tó ń gbé ní London tàbí Houston, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé-ìwé rẹ̀, ìṣòro yìí kò sí.

PROMPT

Deborah Hayden ló dá PROMPT sílẹ̀. Onímọ̀ máa ń fi ìka kan àgbọ̀n, ètè àti abẹ́ àgbọ̀n ọmọ láti fi ọ̀nà tí ìró kọ̀ọ̀kan ń gbà hàn án. Ó lè wúlò fún ọmọ tí ojú àti etí nìkan kò tó fún, pàápàá bí àgbọ̀n rẹ̀ bá ń ṣí jù tàbí tó ń yẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ fún apraxia kéré, ẹ̀kọ́ tí onímọ̀ ní láti gbà kó tó lè sọ pé òun ń ṣe é sì wọ́n. Ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú òun kò ní gbà. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà nítòsí yín, ó dára; ṣùgbọ́n a kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ti ìlú kan lọ sí òmíràn nítorí rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ DTTC bá wà nílé.

Pátákó àwòrán àti áàpù

Ẹ̀rù tó máa ń ba òbí ni pé ọmọ tó bá ti ń tọ́ka sí àwòrán yóò di ọ̀lẹ, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rí kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àtúnyẹ̀wò kan tí ó jáde ní ọdún 2006, nínú ọmọ àti àgbà 27 tí ẹ̀rí lórí wọn lágbára jù, kò sí ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ sí i. Páálí tí a lẹ àwòrán ogún mọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀. Áàpù orí táblẹ́ẹ̀tì wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn kì í pe Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kan gbà kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ka ohùn tirẹ̀ sí i, àwọn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá. Èyí kì í ṣe ìtọ́jú apraxia fúnra rẹ̀, ó kàn ń jẹ́ kí ọmọ rí ọ̀nà béèrè oúnjẹ kó má sì máa fi orí gbá ilẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sanwó fún

Fífẹ́ fèrè àti fífẹ́ bàlúù láti fi mú ẹnu lágbára kò wúlò fún apraxia, nítorí kì í ṣe agbára ni ọmọ náà kò ní. Gígé awọ abẹ́ ahọ́n kò wúlò fún un pẹ̀lú, nítorí inú ọpọlọ ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá sì sọ pé kí ẹ dá Yorùbá dúró nílé kí ọmọ lè gbájú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ òtítọ́: èdè méjì kì í fa apraxia, kì í sì í mú un le sí i.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, tàbí èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé mẹ́wàá, DTTC ni kí ẹ mú fún un, kí pátákó àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe dúró kí ọ̀kan kùnà kí ẹ tó mú èkejì.

Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje tó ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè jókòó tì í lójoojúmọ́, NDP3 bá a mu, pàápàá èyí tí onímọ̀ bá ti tún ṣe ní Yorùbá. Òun náà ni a ó yàn fún ìdílé tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni agbára wọn ká láti rí onímọ̀, nítorí iṣẹ́ ilé rẹ̀ ló ṣe kedere jù.

Ọmọ tó ti ń sọ gbólóhùn, tí ọ̀rọ̀ gígùn ṣì ń já mọ́ ọn lẹ́nu, tó sì lè jókòó fún wákàtí kan, ReST ni tirẹ̀. Ìsinmi ilé-ìwé ló dára jù fún un. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, wọ́n ti dán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wò, ó sì ṣiṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi owó ara wọn san, nítorí náà ẹ béèrè nǹkan méjì kí ẹ tó sanwó: ìwé ìforúkọsílẹ̀ onímọ̀ náà lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ tó ń forúkọ irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àti iye ìgbà tí ọmọ yóò sọ ọ̀rọ̀ nínú ìjókòó kan. Bí ìdáhùn sí èkejì bá jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n, owó yín kò níláárí níbẹ̀. Ní Britain, NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í gba owó, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ fún sáà kan, kó sì dáwọ́ dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n kó àwọn ìjókòó náà pọ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n má ṣe fọ́n wọn ká ọdún. Ní Amẹ́ríkà, òfin IDEA, tó wà fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní àìlera, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ nílé-ìwé láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ sì lè kọ lẹ́tà béèrè fún àyẹ̀wò láìdúró de olùkọ́. Ẹ rí i pé iye ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ àti bóyá ọmọ nìkan ni tàbí nínú àwùjọ wà nínú ìwé àdéhùn ìtọ́jú tí ilé-ìwé bá kọ fún ọmọ náà, nítorí ọmọ tó ní apraxia tí wọ́n kó mọ́ àwọn mẹ́rin mìíràn nínú yàrá kan kò ní rí àyè sọ ọ̀rọ̀ tó iye ìgbà tó yẹ.